Ojú Àtàǹpàkò Ìyá Àgbà

Ọjọ́ Àlàrùba ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú, nígbà tí mo fọwọ́ ara mi mú Hàdízà wọ ilé ìyá àgbà mi ní Òkèlele. Mo mọ aago náà nítorí pé mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi. Lẹ́nu iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn, kò sí ohun tí a ṣe tí a kì í kọ aago rẹ̀ sílẹ̀. N kò mọ̀ lọ́jọ́ náà pé wákàtí tí owú mi bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ.

Ìyá Àgbà ti lọ báyìí. Láti ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni àwọn ènìyàn ti ń sọ oríṣiríṣi nǹkan nípa wọn. Òmíràn jẹ́ òótọ́, òmíràn sì jẹ́ irú ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ nípa ẹni tó bá ti kú. Èmi yóò sọ èyí tí ojú mi rí, n ó sì sọ ọ́ bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí èmi àti Hàdízà rí lẹ́yìn ìwé wa la jọ ń ṣe. Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà tuntun nínú ọgbà ìtura kan lápá ọ̀nà Sóbí, àwa sì ni wọ́n gbà pé kí a kọ́kọ́ wo ohun àtijọ́ tó wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e lórí. Àpáàdì la kọ́kọ́ bá, àpáàdì rẹpẹtẹ. Hàdízà ń gbé ní Basin lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ìdílé Hausa ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ sí. Kò mọ ẹnikẹ́ni tó ń mọ ìkòkò. Èmi ni mo ní ìyá àgbà tó ń mọ ọ́n. Mo mú un lọ nítorí pé mo fẹ́ yangàn.

Ìyá wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ta nìyí, Àbẹ̀kẹ́?"

"Hàdízà ni, Ìyá. A jọ ń ṣiṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ́ yẹn? Ẹ ti kàwé kàwé, ẹ wá ń gbẹ́lẹ̀ bí òkété."

Mo ti gbọ́ ẹ̀fẹ̀ yẹn rí, n kò rẹ́rìn-ín. Hàdízà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Kí n tó tú ìwé ìbéèrè mi jáde nínú àpò, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti kúnlẹ̀ síwájú amọ̀.

"Hausa tó fẹ́ mọ ìkòkò Ìlọrin," ni Ìyá wí.

"Ìyá, wọ́n bí wa síbí ni o."

"Ta ló bi ọ́ léèrè? Fọwọ́ po amọ̀, jàre."

Ẹni tó bá mọ Ìyá Àgbà dáadáa mọ̀ pé wọn kì í gba ohunkóhun gbọ́ láìkọ́kọ́ kan án. Ìka wọn ni irinṣẹ́ wọn. Wọ́n á gbé ìkòkò tó ti tutù sókè, wọ́n á fi eegun ìka kan ìdí rẹ̀, wọ́n á dẹtí. Bí ó bá dún ganran, ó jinná dénú. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti sán níbi tí ojú kò tó. Lọ́jọ́ kan tí mo sìn wọ́n lọ sí ọjà Ìpàtà, obìnrin kan ti yan ìkòkò omi kan, ó ti ń ká òṣùká tí yóò fi rù ú. Ìyá ní kó dúró ná. Wọ́n kan ìkòkò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ níwájú àwọn tó ń já iṣu lọ́kọ̀.

"Háà! Ìyá, mo ti gbà á bẹ́ẹ̀ náà!"

"Ìwọ gbà á. Èmi ò gbà á."

Nígbà tí a jókòó padà, wọ́n yíjú sí mi. Mo tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà, mo sì ti ń rò pé mo gbọ́n. Wọ́n ní: "Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ fún ọ, kan án. Bí ìwọ náà bá sọ̀rọ̀ tán, kan ara rẹ."

Ìjà wọn tó pẹ́ jù ni èyí tí wọ́n ń bá Ìyá Ràṣídà jà, aládùúgbò wọn tó ń ta omi inú láílọ́ọ̀nù. Ìyá Àgbà kì í gba láílọ́ọ̀nù láàyè nítòsí ibi tí wọ́n bá ti ń sun ìkòkò. Wọ́n ní èéfín rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, tí yóò fi ní àbàwọ́n tí omi èèpo irú tí wọ́n fi ń kùn ún kò lè bò. N kò dán èyí wò, n kò lè jẹ́rìí sí i. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé lẹ́yìn gbogbo iná tí mo bá wọn dá, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á tún kúnlẹ̀ fọwọ́ ṣa á: ìdérí ìgò, okùn, ègé páànù, láílọ́ọ̀nù. Eérú àti àpáàdì nìkan ló máa ń kù. Bí atẹ́gùn bá gbé láílọ́ọ̀nù kan wọ ẹ̀yìnkùlé wọn, wọ́n á fi ìka méjì mú un bí ẹni mú ìrù eku, wọ́n á sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Ràṣídà.

"Ìyá Ràṣídà, ọmọ rẹ sọnù, mo bá ọ mú un wálé."

"Àlájà, atẹ́gùn ló gbé e o. Ṣé kí n wá so atẹ́gùn mọ́lẹ̀ ni?"

"So láílọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀. Atẹ́gùn ò ṣẹ̀ mí."

Wọ́n máa ń dá rédíò lóhùn pẹ̀lú. Kò sí wáàsí àárọ̀ tí wọn kì í gbọ́, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń tàbùkù ẹ̀sìn. Ìrun wọn kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àfáà kan ń ṣàpèjúwe iná ọ̀run, tí ó ń sọ bí àwọ̀ rẹ̀ yóò ti rí, Ìyá gbé ife tíì wọn sílẹ̀, ṣúgà inú rẹ̀ tó ṣíbí márùn-ún, wọ́n ní: "Ẹni yìí ò sun nǹkan kan rí láyé ẹ̀."

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Hàdízà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò bi mí kó tó máa lọ. N kò sì lè sọ pé ó yẹ kó bi mí. Ilé Ìyá kì í ṣe ilé mi. Ní Sátidé kẹta, mo yà síbẹ̀, mo gbọ́ ohùn Ìyá láti ìta: "Àjọkẹ́, rọra, má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀." Mo wọlé, mo wò yí ká kí n rí Àjọkẹ́. Hàdízà ni. Ó ń fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò kan po, ó tẹ̀ ba, ọwọ́ rẹ̀ kan nínú, èkejì níta, bí Ìyá ti máa ń ṣe gẹ́lẹ́.

Ní ìdílé wa, oríkì kì í ṣe ohun tí a ń fún àlejò. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ni àgbà ilé máa ń fún un. Nímọ̀ ni wọ́n sọ mí, Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì tí Ìyá fún mi. Mo dúró títí Hàdízà fi lọ fọwọ́.

"Ìyá, ẹ fún Hàdízà ní oríkì?"

"Ẹ̀n-ẹn. Ọwọ́ tó ń po amọ̀ mi, kí n máa pè é ní 'ìwọ'?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wò lọ́nà púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ Hàdízà dára ju tèmi lọ. Òótọ́ ni èyí, mo ti rí ìkòkò rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àánú rẹ̀ ṣe Ìyá, nítorí kò ní ìyá àgbà mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń wá, tí èmi kì í wá. Ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbìyànjú láti mọ ìkòkò fúnra mi, nígbà tí mò ń múra ìdánwò. Ó wó lulẹ̀, mo nu ọwọ́ mi, mo ní n ó padà wá. N kò padà. Mo mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ owú náà kò dín. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé bí ènìyàn bá mọ ìdí ohun tó ń ṣe òun, ohun náà yóò fúyẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú ọgbà, kòtò mi ti jìn dé orúnkún. Eérú ni mo bá, àti àpáàdì, ìpele lórí ìpele, lẹ́bàá igi irú ńlá kan. Mo fi asẹ́ jọ gbogbo erùpẹ̀ rẹ̀. N kò rí ìdérí ìgò kan, n kò rí ègé páànù, n kò rí láílọ́ọ̀nù kankan. Ní Ìlọrin òde òní, ta ló lè gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún láìbá láílọ́ọ̀nù? Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi tí àwọn obìnrin ayé àtijọ́ ti ń sun ìkòkò ni, ó sì ṣeé ṣe kó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ọ̀gá wa yọ̀. Ó ní bí ọ̀rọ̀ náà bá dúró, ẹnìkan nínú èmi àti Hàdízà ni yóò kọ ìwé ìkòkò ọgbà náà lórúkọ ara rẹ̀, ó sì wò mí bí ó ti ń sọ ọ́.

Mo lọ sọ fún Ìyá. Mo gbé ìwé ìbéèrè lọ.

"Apá ibo nínú ọgbà?" ni wọ́n bi mí.

"Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, Ìyá. Ó ti wà kí wọ́n tó bí yín."

"Ó dáa o, Àfáà."

Wọ́n máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti mọ gbogbo rẹ̀ tán. Mo kọ sílẹ̀ pé: kò ní àfikún.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Hàdízà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ọgbà. "Nímọ̀, ibi igi irú yẹn, ṣó dá ẹ lójú? Ìyá ní àwọn ti sun ìkòkò lápá ibẹ̀ rí, kí wọ́n tó fi wáyà yí i ká."

Ó yẹ kí n jókòó, kí n bi í léèrè ọ̀rọ̀ náà kínníkínní. Ohun tí mo gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ kò ju pé Ìyá sọ ọ́ fún un lọ.

"Wọn ò sọ fún mi," ni mo wí. "Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Mú ẹ̀rí wá."

Mo sì fi ìwé mi ṣọwọ́ sí ọ̀gá lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá ti kọ́ mi bí a ṣe ń kan nǹkan, ṣùgbọ́n n kò kan èyí. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò fọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀gá wa pe àwọn àgbà àdúgbò wá wo ohun tí a rí, èmi ni mo dúró létí kòtò tí mò ń ṣàlàyé. Ìyá Àgbà wà láàárín wọn. Hàdízà ló di ọwọ́ wọn mú. Mo sọ bí àwọn obìnrin àtijọ́ ti ń to ìkòkò jọ, bí wọ́n ti ń fi koríko àti ẹ̀ka igi bò ó, bí ó ti dá wa lójú pé kò sí ohun ìgbàlódé kankan nínú ìpele náà. Ìyá gbọ́ mi tán, wọn kò dá mi lẹ́nu. Wọ́n wá tẹ̀ ba, wọ́n mú àpáàdì kan lórí àtẹ, wọ́n kan án lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì dá a padà sí ibi tí wọ́n ti mú un.

"Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí, "àwọn obìnrin àtijọ́ yẹn, èmi ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan tilẹ̀ ní, "Àlájà, ẹ ti wọ ìwé ìtàn láìkú!" Ìyá na ọ̀pá wọn sí ẹ̀gbẹ́ igi irú náà. Wọ́n ní bí a bá gbẹ́ ibẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan, a ó bá òkúta pẹlẹbẹ tí àwọn máa ń jókòó lé. Èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ kejì. Ó wà níbẹ̀. Ó tilẹ̀ ti dán níbi ìjókòó.

Nígbà tí ẹ̀rín wọn pọ̀ jù, Ìyá gbé ọ̀pá sókè. "Ẹ má rín ọmọ mi. Bí mo bá jẹ́ ọ̀bùn ni, kì bá ṣìnà. Mímọ́ ilẹ̀ mi ló ṣì í lọ́nà."

Ìdáàbòbò ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọwọ́ wọn ṣì wà nínú ọwọ́ Hàdízà bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

N kò pẹ́ nílùú nígbà tí wọ́n ń lo ẹbu yẹn, ibi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò, tó bẹ́ẹ̀ tí n ó fi rántí rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mo wà nígbà tí àwọn òbí mi kó wa lọ sí Mínnà. Nígbà tí mo padà wá kàwé, wọ́n ti fi wáyà yí ọgbà ká, ẹ̀yìnkùlé ni Ìyá ti ń dáná. Àwáwí mi nìyẹn, mo sì sọ ọ́ fún Ìyá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo wá bi wọ́n ní ohun tó ń dùn mí.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ sọ fún Hàdízà, tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ojú mi ni wọ́n ń wò, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀.

"Ó bá mi jókòó ni, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. Ìwọ, ìwé lo gbé wá. N ò rí ọwọ́ rẹ."

Hàdízà ni ọ̀gá fún ní ìwé ìkòkò náà láti kọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni wọ́n fi sí Malete, nínú yàrá kan tí a yá, kí n máa fọ àpáàdì, kí n máa to wọ́n sí àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo wà ní ọjọ́ Àlàmísì tí Ìyá Àgbà kú. Hàdízà ló pè mí. Òun ló wà lọ́dọ̀ wọn. Kí ọkọ̀ tó gbé mi dé Òkèlele, wọ́n ti wẹ Ìyá, wọ́n ti dì wọ́n sínú aṣọ funfun. Mo rí ojú wọn. Ìyá Ràṣídà wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbálẹ̀. Ó gbá a tán, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ ṣa á. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é.

Hàdízà sunkún jù mí lọ. Mo ń wò ó, mo ń bínú sí i pé omijé rẹ̀ pọ̀, mo ń bínú sí ara mi pé mò ń wọn omijé.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni ó tó wá jókòó tì mí lórí ẹní.

"Nímọ̀, nǹkan kan wà tí n ò tíì sọ fún ẹ."

"Sọ ọ́."

"O mọ̀ pé Ìyá máa ń tẹ àtàǹpàkò òsì wọn sínú ìkòkò, lábẹ́ ọrùn rẹ̀, níbi tí ẹni tó ń rà á ò ní rí?"

Mo mọ̀. Àpá kan wà lójú àtàǹpàkò náà, àpáàdì ló gé wọn nígbà kan rí. Àpá yẹn máa ń fi ìlà dídagun kan sínú amọ̀. Kò sí ìkòkò wọn tí kò ní in.

"Ìkòkò mi àkọ́kọ́ tó dúró, mo fẹ́ tẹ tèmi síbẹ̀. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, 'Ibẹ̀ yẹn kì í ṣe tìẹ, Àjọkẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ti tẹ tirẹ̀ síbẹ̀.'"

"Nígbà wo?"

"N ò bi wọ́n."

"O ò bi wọ́n! Irú awalẹ̀pìtàn wo ni kì í bèèrè ìgbà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún bú sẹ́kún. Mo fura pé ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Mo bi ìyá tó bí mi. Wọ́n ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ìkòkò tútù, àwọn fúnra wọn jẹ ẹgba nítorí rẹ̀ rí. Ẹlẹ́rìí méjì nìyẹn, ọ̀rọ̀ wọn kò sì bá ara wọn mu. Mo padà sí Malete.

Àwọn àpò náà ṣì wà bí mo ti fi wọ́n sílẹ̀, ìwé ọwọ́ mi lára wọn. Mo tú àwọn tó ti ìpele ìsàlẹ̀ wá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń kọ wọ́n sílẹ̀, ara ìta nìkan ni mo fọ̀ tí mo sì wò, nítorí ibẹ̀ ni ọnà wà. Inú wọn ṣì kún fún erùpẹ̀. Nísinsìnyí mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ inú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ ọrùn. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Mo rí ojú àtàǹpàkò Ìyá lára mọ́kànlá nínú wọn, pẹ̀lú ìlà dídagun náà.

Lára ọ̀kan nínú wọn, ojú àtàǹpàkò méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ti Ìyá, ìlà náà wà nínú rẹ̀. Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kéré, kò jìn, bí ẹni pé ẹnìkan ló di ọwọ́ náà mú kó má tẹ̀ ẹ́ jù. Mo fi irin ìwọ̀n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ti ọmọdé ni. Mo fi àtàǹpàkò mi sí i; kò gbà á. Ọmọ-ọmọ mẹ́ta ni Ìyá ní ní Ìlọrin nígbà tí wọ́n ń lo ẹbu yẹn, èmi sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. N kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àtìní ni, aago mọ́kànlá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo gbé àpáàdì náà sétí, mo fi eegun ìka kan án. Ó dún ganran.